KÍ NI Ẹ Ń LÒ NÍLÉ? Ẹ̀kọ́ lórí Ìwé Oògùn Ìdílé



Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Ṣùgbọ́n oògùn tí a fi ń wá ìlera náà lè di ohun tí yóò ba ìlera jẹ́, bí ẹni tí ń kọ ọ́ kò bá mọ èyí tí aláìsàn ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ nínú ìwé yìí kò ní ná yín ní owó púpọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, bírò kan, àti òótọ́ inú ni ó ń béèrè.

Ìbéèrè kan wà tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ní láti bi ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó níwájú rẹ̀ ní kílíníìkì: "Oògùn wo ni ẹ ń lò lọ́wọ́?" Ìbéèrè náà kúrú, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ a máa ṣòro. Ẹnìkan a ní, "Oògùn funfun kékeré kan ni." Ẹlòmíràn a ní, "Èyí tí wọ́n fún mi níjelòó ni." Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ a ní òun kò lo ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ni ìgò àgbo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ nílé, tí ó ń mu ife kan nínú rẹ̀ láràárọ̀. Kò sí èyí tí ó fẹ́ purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni olùtọ́jú wà síbẹ̀, inú òkùnkùn náà ni yóò sì ti kọ oògùn tuntun.

ÈTE Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Nígbà tí ẹ bá ka ìwé yìí tán, a fẹ́ kí ẹ lè:
1. sọ ìdí tí ó fi yẹ kí gbogbo ilé ní Ìwé Oògùn;
2. dá orúkọ àbísọ oògùn mọ̀ yàtọ̀ sí orúkọ ìtajà rẹ̀;
3. kọ Ìwé Oògùn fún ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ilé, kí ẹ sì máa tún un ṣe;
4. lo ìwé náà ní kílíníìkì kí dókítà tó kọ oògùn, àti lọ́dọ̀ apoògùn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ NÍ ÀPÁPÁ ÀTI AJÉGÚNLẸ̀

Ẹ wo bí ìdílé kan ṣe ń rí ìtọ́jú ní àgbègbè wa. Ìyá lè forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún ní ilé ìlera ìjọba tí ó wà nítòsí. Bàbá tí ń ṣiṣẹ́ ní èbúté lè máa gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn ńlá ti Àpápá. Ìyá àgbà lè máa lọ sí ti Ajéròmí nítorí àtọ̀gbẹ. Bí ibà bá dé lóru, ilé ìtọ́jú aládàáni tí ó wà ní òpópónà ni a ń sá lọ. Bí ó bá jẹ́ orí fífọ́ lásán, ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta oògùn ní ìkòríta ni. Alágbo náà a sì máa gba ojúde kọjá ní kùtùkùtù, àwo lórí.

Ibi márùn-ún tàbí mẹ́fà nìyẹn fún ilé kan ṣoṣo. Káàdì ti ibì kan kì í tẹ̀lé aláìsàn dé ibòmíràn. Ohun tí wọ́n kọ sí káàdì ní Àpápá, ẹni tí ó wà ní Amùkòkò tàbí Olódi lè má rí i láéláé. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tírélà bá sì dí ọ̀nà èbúté ní ọjọ́ kílíníìkì, ẹni tí kò lè dé ibi tí ó ń lọ tẹ́lẹ̀ yóò yà sí ibi tí ó sún mọ́ ọn, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ tún rántí pé ìlú olónírúurú èdè ni Ajégúnlẹ̀. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ, Urhobo, Haúsá, gbogbo wọn ni ó ń gbé ojúlé kan náà. Ìyá lè máa ṣàlàyé ní èdè tirẹ̀, kí nọ́ọ̀sì sì gbọ́ ọ sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n orúkọ oògùn tí a bá dà kọ láti ara páálí rẹ̀, bákan náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera yóò ṣe kà á. Nínú gbogbo ohun tí ń lọ láti ilé ìtọ́jú kan sí èkejì, aláìsàn fúnra rẹ̀ nìkan ni kì í ṣì ọ̀nà. Nítorí náà, ọwọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ìwé náà wà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan ní ìlú Bonn ní ilẹ̀ Jámánì, kí oògùn má baà máa pa àwọn aláìsàn lára. Ohun mẹ́ta ni àjọ náà ní kí a mójú tó jù: àwọn oògùn àti ipò tí ewu wọn pọ̀, ẹni tí ń lo oògùn púpọ̀ pa pọ̀, àti ìgbà tí aláìsàn bá ń kúrò lọ́dọ̀ olùtọ́jú kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa lójoojúmọ́.

OÒGÙN KAN, ORÚKỌ MÉJÌ

Ọmọ Yorùbá kan lè ní orúkọ tí bàbá sọ ọ́, kí ó ní èyí tí ìyá àgbà sọ ọ́, kí ó sì tún ní oríkì. Bí a bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ kan náà ni yóò jẹ́ wa. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oògùn rí. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni orúkọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Orúkọ ìtajà ni èyí tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é fún un. Lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n sábà máa ń fi kọ orúkọ ìtajà sí ara páálí, wọn a sì fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ orúkọ àbísọ sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn ni kí ẹ máa wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá àgbà kan ṣe àpẹẹrẹ. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà, dókítà sì kọ oògùn kan tí ń jẹ́ Daonil fún un. Ní oṣù kejì, ó lọ kí ọmọ rẹ̀ ní òdìkejì ìlú, ara rẹ̀ kò dá, wọ́n sì gbé e lọ sí kílíníìkì mìíràn. Wọ́n wọn ṣúgà rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ga, wọ́n bi í léèrè oògùn tí ó ń lò. Ó ní òun kò mọ orúkọ rẹ̀, pé oògùn ṣúgà ni. Wọ́n kọ glibenclamide fún un. Nígbà tí ó padà sílé, ó ń lo oògùn méjèèjì, nítorí pé ó rò pé ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni glibenclamide ni orúkọ àbísọ Daonil. Oògùn kan náà ni ó ń lo ìlọ́po méjì rẹ̀.

Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀, tí oúnjẹ sì pẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò já wálẹ̀ kọjá bí ó ti yẹ. Yóò máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ebi yóò máa pa á gidigidi, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yóò máa dàrú, ó sì lè dákú. Bí kò bá sí ẹni tí ó tètè mọ̀, ó lè kú sí orí ibùsùn, kí àwọn ará ilé sì rò pé oorun ni ó ń sùn. Bí ẹ bá rí àmì yìí lára alátọ̀gbẹ tí ojú rẹ̀ ṣì là, ẹ fún un ní omi tí a po ṣúgà sí tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò aládùn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá ti dákú, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ kíákíá.

Ìlà kan péré nínú Ìwé Oògùn, "Daonil, orúkọ àbísọ: glibenclamide, mílígíráàmù 5", ì bá ti ká gbogbo ewu náà kúrò.

Irú rẹ̀ wà nínú paracetamol tí gbogbo wa mọ̀. Panadol ni, Emzor ni, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn òtútù àti ọ̀fìnkìn tí orúkọ ìtajà wọn kò jọ ọ́ rárá. Hóró paracetamol onímílígíráàmù 500 tí àgbàlagbà lè lò láti òní di ìwòyí ọ̀la kò gbọdọ̀ ju 8 lọ. Ẹni tí ó bá lo èyí tí dókítà kọ, tí ó tún fi ti ìkòríta kún un, tí ó sì tún mu oògùn òtútù lé e, lè ti ré ààlà kọjá láìmọ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó sì ń jìyà rẹ̀. Ti ọmọdé yàtọ̀: bí ara rẹ̀ bá ṣe wúwo tó ni a fi ń ṣírò tirẹ̀, kì í ṣe pé kí a dá hóró ti àgbà sí méjì.

OHUN TÍ WỌ́N KỌ ÀTI OHUN TÍ Ẹ Ń LÒ GAN-AN

Ìwé Oògùn tí ó bá kọ ohun tí dókítà pa láṣẹ nìkan kò tíì pé. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ń wọ ẹnu aláìsàn ní tòótọ́. Ohun méjì ni wọ́n, wọn kì í sì í sábà dọ́gba.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Wọ́n ní kí bàbá kan máa lo hóró amlodipine kan lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn wọ́n, nítorí náà ó ń lò ó ní ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ ọ nìkan. Nígbà tí ó padà sí kílíníìkì, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ṣì ga. Dókítà bi í bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀. Ojú ń tì í, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Kí ni dókítà yóò rò? Yóò rò pé oògùn náà kò ká a. Yóò sọ 5 di 10, yóò sì fi òmíràn kún un. Ní oṣù tí ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá a gbé, ó rí àwọn oògùn, ó sì ń dúró tì í kí ó lò wọ́n ní àlòpé láràárọ̀. Nígbà náà ni agbára gbogbo wọn yóò bá a lẹ́ẹ̀kan náà. Òòyì yóò kọ́ ọ bí ó bá dìde, ó sì lè ṣubú lulẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀.

Dókítà kò ṣe àṣìṣe níhìn-ín. Ọmọ kò sì ṣe ohun búburú. Ìdáhùn kan tí kò rí bí ó ṣe yẹ ni ó fa gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín. Bí owó kò bá tó, ẹ sọ ọ́, nítorí oògùn tí owó rẹ̀ fúyẹ́ lè wà. Bí oògùn náà bá ń wú yín ní ẹsẹ̀, tàbí tí ó ń mú yín wúkọ́, ẹ sọ ọ́, nítorí a lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí iṣẹ́ òru ní èbúté kò bá jẹ́ kí bàbá lè lo oògùn ní wákàtí tí a sọ, ẹ sọ ọ́, kí a lè ṣètò wákàtí mìíràn. Bí ẹ bá fún aládùúgbò nínú oògùn yín, ẹ sọ ìyẹn náà, kí ẹ má sì tún ṣe é mọ́.

ÀGBO, LẸ́BÚLẸ́BÚ ÀTI OHUN TÍ A KÌ Í KÀ SÍ OÒGÙN

Ohunkóhun tí ẹ bá ń lò nítorí ara yín, tí ẹ ń mu ún, tí ẹ ń lá a, tí ẹ ń fi pa ara, tàbí tí wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, oògùn ni fún ẹ̀kọ́ yìí. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wà nínú rẹ̀. Fítámì wà nínú rẹ̀. Ìpara ara wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí a ń gbà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta wà nínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí hóró kankan nílé tí yóò rán yín létí.

A kò sọ pé kí ẹ tijú nítorí àgbo. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ jẹ́ kí olùtọ́jú mọ̀ ọ́n. Inú ọtí líle ni wọ́n ń rẹ àwọn àgbo kan sí. Ọtí a sì máa mú kí ṣúgà alátọ̀gbẹ tí ń lo oògùn já wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ewé àti egbò mìíràn wà tí iṣẹ́ wọn lè pọ̀ mọ́ ti oògùn òyìnbó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "àgbo, ife kan, láràárọ̀, fún ẹ̀yìn ríro." Ìyẹn ti tó fún nọ́ọ̀sì láti béèrè ohun tí ó kù.

Ẹ wo Alábùkún lẹ́búlẹ́bú tí àwọn òbí àgbà wa ti ń lò tipẹ́. Jacob Ṣógbóyèga Ọdúlátẹ́ ni ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1918. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rà á bí ẹni ra iyọ̀, tí wọn kò sì ka á sí oògùn tí ó yẹ kí a dárúkọ fún dókítà. Bẹ́ẹ̀, aspirin àti kaféènì ni ó wà nínú rẹ̀. Aspirin lè mú kí ọgbẹ́ inú máa ṣẹ̀jẹ̀. Ewu rẹ̀ pọ̀ fún ẹni tí ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kò yẹ kí a fún ọmọdé tí ara rẹ̀ gbóná, kò sì yẹ kí aboyún dá a lò láìsí àṣẹ olùtọ́jú. Bí kò bá sí nínú Ìwé Oògùn, dókítà tí ń wá ìdí tí ìgbẹ́ aláìsàn fi dúdú bí ọ̀dà lè wá a títí.

FÚN ABOYÚN ÀTI ABIYAMỌ

Ẹ̀yin aboyún, ẹ fiyè sí apá yìí gidigidi.

Nígbà tí ẹ bá lọ fún ìtọ́jú oyún, wọ́n máa ń fún yín ní oògùn tí ń dènà ibà, kí ẹ lò ó lójú nọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní Fansidar; orúkọ àbísọ rẹ̀ ni sulfadoxine-pyrimethamine. Folic acid onímílígíráàmù 5 lè dín agbára rẹ̀ kù. Mílígíráàmù 0.4 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn fún aboyún lójúmọ́. Nítorí náà, kí ẹ máa sọ "mo ń lo fólíkì" kò tó. Nọ́ńbà tí ó wà lára páálí ni kí ẹ kọ. Ẹ má ṣe dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Ẹ fi nọ́ńbà náà han nọ́ọ̀sì.

Ẹni tí ń lo Septrin lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ tún gba Fansidar, nítorí ẹ̀yà oògùn kan náà tí a ń pè ní sulfa ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Àwa mọ̀ pé ìdí tí ẹnìkan fi ń lo Septrin lójoojúmọ́ lè jẹ́ àṣírí tí kò fẹ́ kí ará ilé mọ̀. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí nọ́ọ̀sì bá yín sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kọ oògùn kan sí inú ìwé tí gbogbo ilé lè ṣí, ẹ kọ ọ́ sí ìwé pélébé ọ̀tọ̀ tí ẹ óò máa fi pamọ́, kí ẹ sì mú un lọ́wọ́ ní ọjọ́ kílíníìkì. Ẹ lè fi í pamọ́ fún ayé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi í pamọ́ fún ẹni tí ń tọ́jú yín.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí orúkọ àbísọ wọn ń parí sí "pril", bíi lisinopril. Wọ́n lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Bí ẹ bá ń lo ọ̀kan nínú wọn, tí ẹ kò sì rí nǹkan oṣù yín, ẹ tètè lọ sí kílíníìkì kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tí ń lo rifampicin nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ó sì ń lo hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kí ó sọ fún olùtọ́jú méjèèjì. Rifampicin a máa dín agbára hóró náà kù, oyún tí a kò retí sì lè dé.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A FI OMIJÉ KỌ́ NÍ ỌDÚN 1990 ÀTI 2008

Ní ọdún 1990, àwọn ọmọdé kú ní Ìbàdàn àti ní ìlú Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu paracetamol olómi tí kẹ́míkà olóró diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1993 ni ìjọba gbé òfin tí ó dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ jáde. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili ń darí àjọ náà láti ọdún 2001, èbúté ọkọ̀ ojú omi méjì péré ni wọ́n yàn pé kí oògùn máa gbà wọlé: Calabar, àti Àpápá tiwa yìí.

Síbẹ̀, ní ìparí ọdún 2008, májèlé kan náà tún padà wá, nínú oògùn eyín ọmọdé tí ń jẹ́ My Pikin. Ó ju 80 ọmọ lọ tí ó kú. Kíndìnrín wọn ni ó daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò lè tọ̀ mọ́.

Kí ni èyí kọ́ wa nípa Ìwé Oògùn? Nígbà tí ọmọ bá dé ilé ìwòsàn tí kò tọ̀ láti àná, ìbéèrè tí ó lè gba àwọn ọmọ yòókù là ni: kí ni ó mu? Ìyá tí ó bá dáhùn pé "oògùn eyín ni" ti ran dókítà lọ́wọ́ díẹ̀. Ìyá tí ó bá mú ìgò náà wá, tàbí tí ó kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀, àti nọ́ńbà ìpín rẹ̀ sílẹ̀, ti fi ọ̀nà han gbogbo orílẹ̀-èdè. Nọ́ńbà ìpín ni ó ń sọ àwọn ìgò tí a pò pọ̀ ní ọjọ́ kan náà nínú ìkòkò kan náà. Òun ni a fi ń mọ èyí tí a ó kó kúrò nínú ọjà. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ ìgò oògùn ọmọ nù títí ara ọmọ yóò fi yá pátápátá.

BÍ A ṢE Ń KỌ ÌWÉ OÒGÙN

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan fún ilé. Ẹ fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀.

Ní òkè ojú ìwé, ẹ kọ: orúkọ, ọjọ́ orí, bí ara rẹ̀ ṣe wúwo tó, bí ó bá jẹ́ ọmọdé, àìsàn tí ó ti ń bá a fínra, bóyá ó lóyún tàbí ó ń fún ọmọ lọ́mú, àti oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀. Ẹ kọ ohun tí oògùn náà ṣe fún un pẹ̀lú. "Septrin: gbogbo ara rẹ̀ bó" yàtọ̀ sí "Septrin: ó kórò." Ti àkọ́kọ́ lè gba ẹ̀mí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ohun méje yìí fún oògùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí ti bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò ṣe rí:

1. Orúkọ àbísọ àti orúkọ ìtajà: Amlodipine, Norvasc.
2. Ìwọ̀n agbára rẹ̀: mílígíráàmù 5.
3. Iye tí wọ́n ní kí a lò àti ìgbà tí a ó lò ó: hóró kan, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́.
4. Bí mo ṣe ń lò ó gan-an: ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ mi nìkan.
5. Ohun tí ó wà fún: ẹ̀jẹ̀ ríru.
6. Ẹni tí ó kọ ọ́ àti ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀.
7. Ọjọ́ tí mo dá a dúró àti ìdí rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi àwọ̀ ṣe àmì. Hóró amlodipine ti ilé iṣẹ́ kan lè funfun, kí ti ilé iṣẹ́ mìíràn má rí bẹ́ẹ̀, oògùn funfun wẹ́wẹ́ sì pọ̀ lọ jàra. Bí ẹni tí ń ta oògùn bá ka hóró sí inú ọ̀rá fún yín láìkọ nǹkan kan sí i, ẹ ní kí ó kọ orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ sí ara ọ̀rá náà. Bí kò bá lè kọ orúkọ rẹ̀, ẹ má rà á.

Bí a bá dá oògùn kan dúró, ẹ má ṣe ya ojú ìwé náà. Ẹ fa ìlà kan la orúkọ rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i, kí a lè rí ohun tí a ti lò rí. Ẹ sì ṣọ́ra fún ìwé oògùn àtijọ́ tí ó ti wà nínú àpótí. Láti ọdún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ ti pààrọ̀ chloroquine sí oògùn alápapọ̀ tí artemisinin wà nínú rẹ̀ fún ìtọ́jú ibà. Ìwé tí wọ́n kọ ṣáájú ìgbà náà kò yẹ ní ohun tí a ń gbé lọ ra oògùn lónìí.

Ìyá tí kò mọ ìwé kà kò sí lẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ lè bá a dà á kọ láti ara páálí. Bí kò bá sí ẹni tí yóò kọ ọ́, ẹ kó gbogbo páálí, ìgò àti ọ̀rá oògùn sínú àpò kan, kí ẹ gbé àpò náà lọ. Àpò yẹn gan-an ni Ìwé Oògùn yín.

NÍ ỌJỌ́ KÍLÍNÍÌKÌ

• Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, ẹ fi ìwé náà wé oògùn tí ó wà nílé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.
• Ẹ fi ìwé náà lé dókítà lọ́wọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn. Bí èrò bá pọ̀, tí ó sì ń kánjú, ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, àwọn oògùn tí mo ń lò nìyí."
• Bí ó bá kọ oògùn tuntun, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Ṣé a fi kún ti tẹ́lẹ̀ ni, àbí a fi rọ́pò ọ̀kan? Èwo ni kí n dá dúró? Ọjọ́ mélòó ni n ó lò ó?
• Lọ́dọ̀ apoògùn, ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà tí ó wà lára páálí, kí ẹ fi wé ohun tí dókítà kọ. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí agbára oògùn yóò parí.
• Ẹ kọ ọ́ sí Ìwé Oògùn ní ọjọ́ náà gan-an. Èyí tí a bá sún di ọ̀la ni a ń gbàgbé.

Bí wọ́n bá sì dá ẹnìkan sílẹ̀ láti ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí ó ti sùn síbẹ̀, ẹ tún ìwé rẹ̀ kọ látòkèdélẹ̀, nítorí ìgbà náà ni oògùn àtijọ́ àti tuntun máa ń dàrú mọ́ra jù lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa, àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ má ṣe fi ìwé yìí mọ sí ọ̀dọ̀ ara yín. Ẹ bèèrè oògùn ìyá àgbà, ẹ bèèrè ti bàbá ọmọ, ẹ bèèrè ti ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń bá yín gbé. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀYẸ̀WÒ

1. Ẹ mú páálí oògùn kan tí ó wà nílé yín. Kí ni orúkọ àbísọ rẹ̀? Kí ni orúkọ ìtajà rẹ̀? Kí ni ìwọ̀n agbára rẹ̀?
2. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ń lo Daonil àti glibenclamide pa pọ̀? Kí ni ẹ óò kọ́kọ́ ṣe bí ojú rẹ̀ bá ṣì là?
3. Èwo nínú ohun tí ẹ lò ní ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹ kò kà sí oògùn kí ẹ tó ka ìwé yìí?
4. Kí nìdí tí ó fi yẹ kí a tọ́jú ìgò oògùn ọmọ títí ara rẹ̀ yóò fi yá?
5. Ta ni nínú ilé yín ni yóò máa bójú tó Ìwé Oògùn, ta ni yóò sì mọ ibi tí ó wà bí ẹni náà kò bá sí nílé?